Àdúrà Ìyàwó Rédíò

Rédíò ni gbogbo àdúgbò ń pe bábà tó ń gẹ irun wọn. Bó bá ti gbé kílípà lé ọ lórí báyìí, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: bọ́ọ̀lù, òṣèlú, aládùúgbò tó ra bàtà tí kò gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan wà tí irun wọn ò tíì kún rárá, tí wọ́n á sì wá jókòó nítorí ẹnu rẹ̀ nìkan.

Àárín ọ̀rọ̀ náà ló wà lọ́jọ́ tí kílípà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti rọ, ẹnu sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Dókítà sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kó tún rìn, ṣùgbọ́n ti ọ̀rọ̀ sísọ, òun ò lè ṣèlérí.

Aránṣọ ni ìyàwó náà. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí yàrá, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé níbi tí ojú rẹ̀ á ti máa tó ọkọ rẹ̀. Láràárọ̀, kó tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, á di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, á ní, "Jésù Olúwa, ìwọ lo dá ahọ́n yìí. Jọ̀ọ́, tú u sílẹ̀." Lẹ́yìn náà, wọ́n á jọ ṣe eré ìdárayá ahọ́n tí wọ́n kọ́ wọn nílé ìwòsàn. Ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò. Apá náà padà díẹ̀díẹ̀. Ẹnu dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó jáde.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin wá kí wọn, ó sì gbọ́ àdúrà náà. Ó fa aránṣọ lọ sílé ìdáná.

"Ìyàwó mi, Ọlọ́run kì í ṣe adití. Ó ti gbọ́. Bóyá bó ṣe dákẹ́ yìí ni ìdáhùn. Má fi ìrètí pa ara rẹ."

"Àǹtí mi, òótọ́ lẹ sọ, ó ti gbọ́. Ìdí tí mo fi ń padà lọ bá a nìyẹn. Ta ní í máa kan ilẹ̀kùn ilé tó mọ̀ pé kò sẹ́ni níbẹ̀?"

Ó fi ìgboyà sọ ọ́, àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n lọ tán, ó fi aṣọ oníbàárà bojú, ó sunkún. Lọ́jọ́ kejì, ó tún di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Olúwa," ó ní, "ó ti rẹ̀ mí. Mi ò ní ọ̀rọ̀ tuntun. Tàná náà ni mo tún mú wá." Ó yà á lẹ́nu pé ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Oṣù gorí oṣù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọpẹ́ ni ó wù ú láti dá.

"Baba, mo dúpẹ́ fún ọkùnrin yìí. Ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ọlọ, mo fara dà á. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò fọ abọ́ kan rí, síbẹ̀..."

"Irọ́!"

Aránṣọ lajú. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́nì kankan. Ó wo ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà ti fajú ro.

"Irọ́," ó tún wí. Ọ̀rọ̀ náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ó dá ṣáká. "Mo... fọ̀."

Ẹ̀rín àti ẹkún jọ já lu aránṣọ. "Abọ́ wo lẹ fọ̀? Ìgbà wo? Bàbá wọn, ẹ tún un sọ! Ẹ bá mi jà, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù. "Irọ́" náà ni Rédíò fi kí i. Ńṣe ni ẹ̀gbọ́n ń pariwo "Jésù! Jésù!" títí kò fi gbọ́ ohun tí wọ́n tún sọ.

Àwọn ọ̀rọ̀ yòókù ò rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń bọ̀, bí àlejò tí kò mọ ọ̀nà. Ní báyìí, bábà ló ń gbàdúrà àárọ̀ nílé wọn. Ó ń falẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀, tíì àárọ̀ wọn á tutù níwájú wọn. Aránṣọ á dijú, á jókòó jẹ́ẹ́, kò ní kán an lójú rárá.