Bọ́ọ̀lù Kò Gbọdọ̀ Kọjá

Ọ̀pá tán lọ́wọ́ aránṣọ, àtẹ̀gùn ò tíì tán. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn, kò ní àbùlà. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀, níbi tó ti ń kan ọ̀pá sábẹ́ igi ìdìmú kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́, òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ń táràrà nínú páálí tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, páálí sì gbófo bí ikùn ẹni tó sùn láìjẹun. Lókè, láàárín ọ̀pá tó kàn kẹ́yìn àti òpó ńlá tó wà lórí àtẹ̀gùn, ihò kan là sílẹ̀ gbàgà. Ewúrẹ́ á gbabẹ̀ kọjá, á tún fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bùọ̀dá, ẹ dákun, ẹ wo abẹ́ àga yẹn, bóyá ọ̀pá kan yí síbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, bíríkìlà tó já bọ́ lórí àkàbà tí wọ́n sì fi símẹ́ńtì ilé ìwòsàn di apá ọ̀tún rẹ̀ mọ́ àyà, kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀. "Abẹ́ àga wo? Ogún ni gbẹ́nàgbẹ́nà kó wá. Ogún ni mo kà. Ogún lo kàn. Àbí o rò pé mo ti jẹ ọ̀kan bí ìrèké ni?"

"Kí ló wá dé tí kò tó?"

"Èmi lo ń bi? Èmi tí mo ní kí o dúró de gbẹ́nàgbẹ́nà, tí o ní o mọ tépù lò ju ẹni tó bí tépù lọ?"

Aránṣọ kàn da páálí dojú dé, ó gbọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, ìyẹn nìkan á ti kó ẹ̀rù bá a. Obìnrin tí í fi ẹnu lé ajá wọlé!

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ, ọ̀rọ̀ ọ̀pá yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà ilé. Àbíkẹ́yìn ìyá wọn ló kú, tó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tà gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́. Ọmọ náà wà ní ilé ìtọ́jú ọmọ òrukàn. Aránṣọ ní òun á gbà á, ẹ̀jẹ̀ òun ni. Ni obìnrin kan bá ti ibẹ̀ wá yẹ ilé wò. Ó wo yàrá, ó wo ìdáná, ó ń mi orí pé ó dára. Ìgbà tó dé orí àtẹ̀gùn ló yọ bọ́ọ̀lù onígi kan nínú báàgì rẹ̀, bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ ní sẹ̀ntímítà mẹ́wàá géérégé. Ó ní ibi tí ìyẹn bá gbà kọjá, ọmọ kékeré lè gbà á. Ó tì í sáàárín àwọn ọ̀pá àtijọ́ tí ikán ti jẹ. Bọ́ọ̀lù kọjá bí ẹni tó ní ilé. Ó ń fò lọ sísàlẹ̀, gbá, gbá, gbá, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Màá padà wá," ni obìnrin náà wí. "Tó bá tún kọjá níbì kankan, tọkọtaya kan wà ní ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń dúró de ọmọ yìí. N ò fẹ́ pákó àlẹ̀mọ́, n ò fẹ́ okùn. Ọ̀pá tó dúró ṣinṣin ni mo fẹ́ rí."

Òní ló ń padà bọ̀. Ọ̀sán yìí. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ ọ̀pá náà sì ti ti ṣọ́ọ̀bù, ó rìnrìn àjò, kò sí irú igi bẹ́ẹ̀ níbòmíràn.

"Ẹ wò ó, bí mo ṣe ṣe é nìyí." Aránṣọ na pákó kan sí i. "Mo gé pákó pẹlẹbẹ kan ní sẹ̀ntímítà mẹ́sàn-án, kó má baà dé mẹ́wàá. Mo kan ọ̀pá kan, mo gbé pákó tì í, mo kan èkejì. N ò fojú díwọ̀n níbì kankan. Gbẹ́nàgbẹ́nà ló ṣì í kà."

"Gbẹ́nàgbẹ́nà tó ti ń ṣe àtẹ̀gùn kí o tó mọ ìyàtọ̀ abẹ́rẹ́ sí ìṣó?"

"Bùọ̀dá, apá lẹ fi ṣubú, ẹ ò fi ẹnu ṣubú. Ó mà ṣe o!"

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò dé ojú. Òun náà ń wo ilẹ̀kùn.

Inú bí aránṣọ. Ó ju ẹ̀ṣẹ́ sáàárín ọ̀pá méjì bí ẹni pé ó fẹ́ lu ògiri òdìkejì. Ẹ̀ṣẹ́ há. Ó fà á, kò jáde. Ó ní láti tú ìka ká kó tó rí ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó wo ọwọ́ náà. Ẹni tó ti ń wọn ara ènìyàn láti ìgbà èwe mọ ìwọ̀n ara tirẹ̀: ẹ̀ṣẹ́ rẹ̀ ò pé sẹ̀ntímítà mẹ́jọ. Báwo ni ohun tí kò pé mẹ́jọ ṣe máa há sínú mẹ́sàn-án?

Ó fa tépù yọ lọ́rùn. Ó nà án láti ọ̀pá sí ọ̀pá ní ìbú, lọ́gbọọgba pẹ̀lú ilẹ̀. Méje. Ó tún nà án tẹ̀lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ igi ìdìmú. Mẹ́sàn-án.

"Yéè! Mo gbé!"

"Kí ló dé?"

"Èjìká ni mo wọ̀n! Mo gbé pákó tẹ̀lé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ẹni ń wọn èjìká oníbàárà!"

Òun yìí náà ni í fi gbogbo ọjọ́ ayé pariwo mọ́ oníbàárà pé aṣọ tí a bá gé ní ìdagun a máa jẹ aṣọ ju èyí tí a gé ní tààrà lọ. Àtẹ̀gùn dagun, ó sì jẹ ọ̀pá rẹ̀ tán lójú rẹ̀ kòrókòró.

"Èmi, tí mo bá ń mọ àtẹ̀gùn," ni bíríkìlà wí, "ní ìbú ni mo fi ń wọ̀n ọ́n."

"Ẹ jókòó síbẹ̀ látàárọ̀, ẹ ò wí!"

"O ní kí n panu mọ́!"

Òótọ́ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀.

Kò sáyè ìjà. Gọ́ọ̀mù tó fi lẹ ìdí wọn ò tíì gbẹ tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀pá, obìnrin ń fi òòlù kàn án lábẹ́, ọkùnrin ń fi ọwọ́ òsì fà á lókè. "Ẹ rọra." "Mò ń rọra." "Ẹ ò rọra!" Páù! Ọ̀pá kan là sí méjì láti orí dé ìdí.

Bíríkìlà gbé èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé òkú ọmọ. "Mo ti bà á jẹ́," ó ní. "Ó ti parí. Jẹ́ ká lọ bẹ obìnrin náà."

"Ẹ̀bẹ̀ wo? Bọ́ọ̀lù ní etí?" Omi ti dé ojú aránṣọ, àmọ́ ṣọ́ọ̀kì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Òpó sí òpó, ẹ bá mi wọ̀n ọ́n, ní ìbú."

Bíríkìlà so òwú ìránṣọ mọ́ òpó òkè, ó fi àlùmọ́gàjí kọ́ ọ nídìí kó lè já wálẹ̀ ṣánṣán. Láti ìdí òpó ìsàlẹ̀ dé ibi tí ẹnu àlùmọ́gàjí kàn, igba ó lé àádọ́rin sẹ̀ntímítà. Aránṣọ kọ ọ́ sára ògiri. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan nípọn mẹ́rin. Mọ́kàndínlógún tó kù á jẹ mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Àyè tó ṣẹ́ kù jẹ́ igba ó dín mẹ́fà.

"Pín in sọ́nà mọ́kàndínlógún," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

"Rárá o! Ogún ni! Tí bọ́tìnnì bá jẹ́ márùn-ún, tí ọrùn aṣọ wà lókè, tí ìṣẹ́tí wà nísàlẹ̀, àlàfo mẹ́fà lẹ máa kà. Òpó wà lókè, òpó wà nísàlẹ̀. Ogún!"

Ó pín in. Ó nu ún, ó tún un pín, nítorí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Sẹ̀ntímítà mẹ́sàn-án pẹ̀lú méje nínú ìlà wẹ́wẹ́ mẹ́wàá tó pín sẹ̀ntímítà kan. Bọ́ọ̀lù jẹ́ mẹ́wàá. Ìlà mẹ́ta péré ló wà láàárín òun àti ọmọ àbúrò rẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ èèrà nípọn jù ú lọ! Bí ọwọ́ bá yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí ọ̀pá kan bá fì, ọmọ ti lọ.

Ó gé pákó tuntun. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, pákó ní ìbú, ọ̀pá ní òró, gọ́ọ̀mù nídìí rẹ̀, kò mí kó tó kàn án, kò mí bó ṣe ń kàn án. Wọn ò tíì dé ìdajì nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn.

Obìnrin ilé ìtọ́jú ọmọ wọlé, ó wo òkè. "Ẹ ò tíì ṣe tán."

"Ó kù díẹ̀, Màdáámù."

"Mo ṣì ní ilé mìíràn tí mo fẹ́ dé. Wọ́n ń retí èsì ọmọ yìí lónìí."

Aránṣọ sọ̀kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ tòun ti òòlù lọ́wọ́, a ò lè mọ̀ bóyá ó ń bẹ̀bẹ̀ ni tàbí ó ń halẹ̀. "Ẹ jókòó, mo fi ìyá tó bí yín bẹ̀ yín. Tó bá wù yín ẹ bú mi. Tó bá wù yín ẹ sùn. Ẹ ṣáà má lọ. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ yẹn, ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ gbé e."

Obìnrin náà wò ó títí. Ó fa àga, ó jókòó, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀.

Ta ló lè ṣiṣẹ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù ń wo òun lẹ́yìn? Aránṣọ ṣe é. Òòlù gbá a léèékánná, kò ké. Bíríkìlà ń fi èjìká ti ọ̀pá mọ́ pákó nítorí ọwọ́ kan ò tó. Wọ́n kan èyí tó kẹ́yìn. Aránṣọ na tépù sí àlàfo òkè pátápátá, ibi tí gbogbo àṣìṣe kéékèèké máa ń kó jọ sí. Mẹ́sàn-án àti ìlà mẹ́sàn-án. Ó ká tépù náà, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Obìnrin náà yọ bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó tì í, kò kọjá. Ó tì í, kò kọjá. Bíríkìlà ti yíjú sí ògiri. Nígbà tó dé àlàfo òkè, bọ́ọ̀lù wọlé dé ìdajì, igi dún kíẹ́. Obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ tì í. Ó tún fi gbogbo ara tì í. Aránṣọ di ojú. Ó ń retí gbá, gbá, gbá.

Kò gbọ́ ọ.

"Ẹ bá mi fà á jáde," ni obìnrin náà wí. "Ó ti há."

Ó nu bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó dá a padà sínú báàgì. "Ẹ wá gbé ọmọ náà lọ́la. Ẹ mú aṣọ tó nípọn dání, ó máa ń tètè mú òtútù."

Aránṣọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹkún bú jáde lára rẹ̀ bí omi tó já odi.

"Gọ́ọ̀mù ò tíì gbẹ o," ni bíríkìlà wí, imú tirẹ̀ náà ń ṣàn. "Má fi omi bà á jẹ́ fún wa."

Aránṣọ ti gbá ọ̀pá òkè mú mọ́ àyà, kò sì fi í sílẹ̀ títí gọ́ọ̀mù fi gbẹ.