Pípe Ládòkun Padà

“Ládòkun! Ládòkun o! Ẹ padà!”

Ọmọ́bọ́lá di èjìká bàbá rẹ̀ mú, ó ń mì í. Èémí padà. Ìrora bá a padà. Ọkùnrin náà kérora.

Lẹ́nu ọ̀nà, Àdìjátù, ẹ̀gbọ́n Ládòkun, mí kanlẹ̀. “Nọ́ọ̀sì, ẹnu rẹ lágbára ju abẹ́rẹ́ rẹ lọ. Èmi pè é títí, kò dá mi lóhùn.”

Ọmọ kì í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ. Àfi bí ikú bá ń fà á, kí ó lè dá a dúró. Láti ìgbà tí ọsibítù ti dá Ládòkun padà sílé sí Ṣakí, nínú ọyẹ́ ọdún 1978, pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò gbóògùn mọ́, ni Ọmọ́bọ́lá ti ń pè é. Ó mọ̀ pé inú ìrora ni òun ń pè é padà sí. Síbẹ̀, ó ń pè é.

Nígbà tí Àdìjátù lọ ṣe àlùwàlá, Ládòkun nawọ́ sí àpò oògùn.

“Fún mi ní gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Òfin kò gbà á. Ọlọ́run kò gbà á.”

“Èmi àti Ọlọ́run á jọ sọ tiwa. Ní ti òfin, inú tirẹ̀ kọ́ ló ń run.”

Ọmọ́bọ́lá gbé àpò oògùn náà kúrò nítòsí rẹ̀.

“Ewúrẹ́ wa tí lọ́rì tẹ̀ lẹ́sẹ̀ ńkọ́? Ta ló sunkún pé kí n tètè dúńbú rẹ̀?”

“Èmi ni.”

“Èmi ò wá tó ewúrẹ́?”

“Ewúrẹ́ kò bí mi.”

Ládòkun fẹ́ rẹ́rìn-ín. Inú rírun kò jẹ́. “Lọ́yà ni ǹ bá fi ọ́ ṣe.”

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Wọn kò sọ ti ìrora. Ọmọ́bọ́lá fa ìwọ̀n tí dókítà pa láṣẹ sínú abẹ́rẹ́, ó gún un, kò fi kún un.

“Ó dáa,” ni bàbá rẹ̀ wí. “O ò ní pa mí. Má wá pè mí mọ́.”

“Bàbá!”

“Mo ti ń dé ibì kan. Ara kì í ro mí níbẹ̀. Ìwọ lò ń fà mí padà.”

“Ohùn yín ni mo fẹ́ máa gbọ́.”

“Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń dáhùn nìyẹn.”

Ó sùn. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra wọn. Àdìjátù sáré wọlé.

“Ó ń lọ! Ọmọ́bọ́lá, pè é!”

Ọmọ́bọ́lá la ẹnu. Bí òun bá pè é, yóò dáhùn. Èyí dá a lójú. Òun kò tíì bi í léèrè bí ohùn ìyá òun ṣe rí, ìyá tó kú nígbà tó bí i. Kò sí ẹlòmíràn tó kù tó lè sọ ọ́ bí bàbá ṣe lè sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kó dáhùn lẹ́ẹ̀kan péré.

“Ṣé ahọ́n rẹ ti kú ni? Pè é!”

Ó ti rò pé òun ti kọ ohun tó nira jù láti òwúrọ̀, nígbà tí òun kọ̀ láti gún un ní gbogbo oògùn náà. Kíkọ̀ yẹn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ òun.

Ó pa ẹnu dé, ó sì di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.