Bàbà Gorí Àga Fíùsì

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní ìlú, ẹ gbọ́ ìtàn ìlú tí kò sí mọ́. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àgbà kan ló wà, ọkọ̀ tí ó ti gbó débi pé ẹni tí ó rà á ní tuntun ti di èrò ọ̀run. Ọba Bátìrì ló jẹ níbẹ̀. Òun ló ni agbára, lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni gbogbo ará ìlú ti ń gba iná jẹ. Àwọn Wáyà ló ń gbé iná náà kiri: wọ́n gbé ti Iná Iwájú fún un, wọ́n gbé ti Fáànù fún un, wọ́n sì gbé ti Olóyè Họ́ọ̀nù fún un. Họ́ọ̀nù yìí ni agbẹnusọ ọba, nítorí pé kò mọ iṣẹ́ mìíràn ṣe ju ariwo lọ.

Ilé kan wà nínú ìlú náà tí àṣà tirẹ̀ le. Ilé Fíùsì ni. Wọn kò sanra, wọn kò sì ga; fọ́nrán irin kan ṣoṣo ló wà nínú wọn. Ẹnu ọ̀nà ààfin ni àga wọn wà, gbogbo agbára tí ó bá ń lọ sígboro sì gbọ́dọ̀ gba ara wọn kọjá. Lọ́jọ́ tí agbára náà bá pọ̀ ju ohun tí ìlú lè gbà lọ, ẹni tí ó wà lórí àga yóò kú, ọ̀nà yóò sì dí. Wọn á wá ohun tí ó fà á, wọn á tún un ṣe, ọmọ ilé Fíùsì mìíràn á sì wá jókòó. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ràn àṣà náà, ṣùgbọ́n òun ni kò jẹ́ kí ìlú jóná láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Nígbà tí ó yá, ìlú gbó. Awọ ara àwọn Wáyà sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti já, ọ̀rá tí wọ́n fi di ẹ̀pà ni wọ́n fi ń so wọ́n. Ìyá Rọ́bà, arúgbó tí ń gbé epo lọ fún Ẹ́ńjìnnì, ti gbẹ débi pé epo ń là á lára jáde. Ṣé ẹ rò pé wọ́n tún nǹkan wọ̀nyí ṣe? Àlejò ni wọ́n lọ gbà. Wọ́n gbé Àpótí Orin wọ̀lú, wọ́n fi í joyè, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó ń jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó oúnjẹ ará ìlú márùn-ún. Ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ ya nídìí, fìlà ló ń wá kiri.

Láti ìgbà tí Àpótí Orin ti dé ni ilé Fíùsì ti ń sin òkú. Ọmọ ilé náà kan wà tí ń jẹ́ Tẹ́ẹ́rẹ́; bàbá rẹ̀ kú lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gorí àga lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ṣú bá a. Ló bá kan Tẹ́ẹ́rẹ́. Àga náà ṣì gbóná nígbà tí ó dé ìdí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí a purọ́ mọ́ ọn: kò fẹ́ kú. Ṣùgbọ́n ó jókòó.

Lọ́jọ́rú, ọba pe ìgbìmọ̀. Olóyè Họ́ọ̀nù ló kọ́kọ́ dìde.

“Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òkùnkùn bo ìlú yìí láàárín ọjọ́ méjì, ilé kan náà ló sì fà á. Iṣẹ́ díẹ̀, ará ilé Fíùsì á kú. Àlejò pàtàkì ń jẹun lọ́wọ́, ará ilé Fíùsì á kú mọ́ ọn lójú. Kábíyèsí, èmi ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀délẹ̀. Ìlara ni wọ́n fi ń kú!”

Gbogbo ààfin mi orí. Àwọn àgbà tí ó yẹ kí wọ́n bínú sí ohun tí ń pani, òkú ni wọ́n ń bínú sí. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Ìyá Rọ́bà rọra dìde. “Kábíyèsí, bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kú kí àlejò yìí tó dé? Ẹ wo ara mi. Ẹ wo awọ àwọn ọmọ Wáyà. Ẹ jẹ́ kí àlejò dín oúnjẹ rẹ̀ kù, kí a sì pààrọ̀ ohun tí ó ti gbó. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.”

“Ẹ̀yin Ìyá yìí,” ni Họ́ọ̀nù dá a lóhùn, “ẹ ń jò, ẹ tún ń gbani nímọ̀ràn.” Ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Arúgbó náà jókòó, ó sì ń fi ọwọ́ nu epo tí ń sun lára rẹ̀.

Tẹ́ẹ́rẹ́ wá dọ̀bálẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò tó nǹkan. “Kábíyèsí, a kò ní ẹnu bíi ti Olóyè Họ́ọ̀nù. Ikú wa ni ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Bí a bá kú, ohun tí a ń wí ni pé, ẹ dúró, ó ti pọ̀ jù. Bí ojú mi bá sú yín, ẹ lé mi. Ṣùgbọ́n mo fi orí adé bẹ̀ yín, ẹ má fi ẹni tí kò lè kú jókòó síbẹ̀.”

Ọba kò fẹ́ràn ẹni tí ń sọ fún un pé ó ti pọ̀ jù. Ọba wo ló fẹ́ràn rẹ̀? Ó ránṣẹ́ pe Ọlọ́wọ́ Gírísì, rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀ tí ń tún ìlú náà ṣe. Ọlọ́wọ́ Gírísì kò bèèrè ohun tí ó pa àwọn tí ó ti kú. Ó fa wáyà àlòkù kan yọ lápò, ó fi eyín bó o, ó lọ́ ọ po, Bàbà sì jáde níbẹ̀, ó pupa, ó ń dán.

Bàbà búra níwájú ọba. “Ohun tí ẹ bá ní kí ó kọjá, yóò kọjá. Èmi kì í bèèrè bí ó ti pọ̀ tó. Èmi kì í kú.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Wọ́n fa Tẹ́ẹ́rẹ́ yọ, wọ́n sì jù ú sínú àpótí iwájú ìjókòó, níbi tí wọ́n ń kó ìwé ọkọ̀ àti pàǹtí sí. Níbi tí ó dùbúlẹ̀ sí, ó rí i pé inú òun dùn pé òun kò kú. Ojú ara rẹ̀ tì í, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn.

Ọjọ́ mẹ́fà kọjá, ẹnikẹ́ni kò kú, òkùnkùn kò sì ṣú. Họ́ọ̀nù ń kéde kiri pé ayé dẹ̀. Àpótí Orin jẹun títí ó fi ń gùfẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn Wáyà kò lè sùn mọ́. Wọ́n lọ bá Bàbà, wọ́n ní, “Ẹ gbà wá o, ó ń gbóná.” Bàbà ní, “Èmi ò gbóná.” Wọ́n ní awọ àwọn ti ń rọ̀. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ ní awọ.”

Ní ọjọ́ keje, òórùn awọ Wáyà tí ń jóná dé ọ̀dọ̀ Tẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ ilé Fíùsì kò ní ṣi òórùn bẹ́ẹ̀ mọ̀. Ó rántí bàbá rẹ̀, ó rántí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀rù ikú sì kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ògiri àpótí náà. “Ẹ gbé mi padà! Ẹ gbé mi sórí àga! Mo ti ṣe tán láti kú!”

Họ́ọ̀nù gbọ́, ó sì yíjú sí ìgbìmọ̀. “Ṣé ẹ gbọ́ ọlọ́tẹ̀ yìí? Mo ti wí fún yín tẹ́lẹ̀. Ipò ló ń wá.”

Ọ̀sán gangan ni, ọkọ̀ sì ń pọ́n òkè. Ẹ́ńjìnnì ń mí hẹlẹ, Fáànù ń jẹ, Àpótí Orin ń jẹ. Awọ ara Wáyà kan yọ́ dànù, ìhòòhò rẹ̀ fara kan irin ọkọ̀, gbogbo agbára ọba sì rọ́ gba ibẹ̀. Ibi tí ẹnìkan yẹ kí ó kú sí nìyẹn. Bàbà jẹ́ kí ó kọjá. Iná ta pàrà, ó bọ́ sára Ìyá Rọ́bà tí epo ti rin gbindin. Arúgbó náà kò ké. Ó kàn ní, “Ó ti dé,” iná sì bò ó.

Ẹni tí ń wa ọkọ̀ náà fò jáde, ó sá wọ igbó. Họ́ọ̀nù ń ké, kò lè dákẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, òtítọ́ ló ń sọ, kò sì sí ẹni tí ó kù tí yóò gbọ́ ọ. Ọba Bátìrì bẹ́ lórí ìtẹ́. Iná dé inú àpótí iwájú níkẹyìn. Ikú tí Tẹ́ẹ́rẹ́ ì bá kú kí ìlú má baà jóná, lẹ́yìn tí ìlú ti jóná tán ló wá kú u, láìṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Ọlọ́wọ́ Gírísì dé ibẹ̀, ó ń fi igi tú eérú wò. Ó rí Bàbà. Ó dúdú díẹ̀, ohunkóhun kò ṣe é. Ó fi àtàǹpàkò nù ún, ó tún ń dán.

Ọkọ̀ àgbà mìíràn wà ní ìsọ̀ rẹ̀ tí ń dúró dè é. Fíùsì méjì ti kú níbẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, inú sì ń bí àwọn ìjòyè ibẹ̀ gidigidi.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀yin àgbà,” ni ó wí fún wọn, ó sì gbé Bàbà sórí àga. “Èyí tí mo mú wá yìí ti ṣe é níbòmíràn rí. Ó nírìírí.”

Gbogbo ìlú náà dìde, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un.