Ibi Tí Olórí Ti Nujú

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ẹlẹ́tìí ọmọ. Ìtàn kan ti há mi lọ́fun, ẹ bá mi gbà á kalẹ̀.

“Tíṣà, máàkì mélòó ni kí a fún olórí ìjọba?” ni atọ́kùn ètò tẹlifíṣọ̀n kan fi ẹ̀rín bi obìnrin kan níwájú kámẹ́rà.

Obìnrin yìí, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ ló ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ gíga. Afárá ńlá ti wó láàárín ìlú, ó pa èèyàn, olórí ìjọba sì bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n láti kẹ́dùn. Wọ́n wá pe Tíṣà kó sọ bí ọkùnrin náà ṣe mọ̀ ọ́n sọ sí.

“Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá,” ni Tíṣà dáhùn. “Ẹ wo ibi tó ti dákẹ́, tó yọ áńkáṣíìfù, tó nujú. Ẹnu dákẹ́, ọwọ́ ń sọ̀rọ̀! Ìdákẹ́ ni iyọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n fi sí i, ọbẹ̀ rẹ̀ á dùn.”

“Ẹyọ kan tó kù ńkọ́?”

“Ó tètè ki áńkáṣíìfù bọ àpò. Ó yẹ kó dì í mú díẹ̀ sí i.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Ẹ bá mi fi ẹ̀rín yẹn sọ́kàn.

Nígbà tó délé, ilẹ̀kùn aránṣọ tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà wà ní ṣíṣí. Ọkọ aránṣọ yìí wà lórí afárá lọ́jọ́ tó wó. Tíṣà mọ̀, òun ló di ìyàwó mú nígbà tí wọ́n gbé òkú dé. Àní aṣọ tó wọ̀ lọ sí tẹlifíṣọ̀n, aránṣọ ló rán an, ó ní kí òun ṣáà rí nǹkan fọwọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n iná kámẹ́rà mọ́lẹ̀ jù. Kì í jẹ́ kí èèyàn rí ẹni tó ń wo òun.

“Àǹtí Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o! Aṣọ yẹn mà jókòó sí yín lára!”

“Ọpẹ́lọpẹ́ ọwọ́ rẹ, àbúrò mi.”

Aránṣọ sún àpótí fún un. Kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ.

“Mo fẹ́ bi yín léèrè kan. Ẹ̀yin lẹ mọ̀rọ̀, ẹ ò sì ní tàn mí. Nígbà tí olórí ìjọba nujú yẹn, ṣé ó dùn ún? Torí ìyẹn ni mo fi ń tu ara mi nínú, pé ẹni ńlá bẹ́ẹ̀ sunkún ọkọ mi.”

Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé Tíṣà mì. Ó ti wo fídíò ìkẹ́dùn náà ní àwòtúnwò kó tó lọ sórí ètò. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọwọ́ lòun ń wò. “Bẹ́ẹ̀ ni” ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

“Ojú rẹ̀ gbẹ, àbúrò mi. Mo rí i. Mo sì fún un ní máàkì.”

Ẹ̀rọ dúró.

“Èmi náà rí i pé ó gbẹ,” ni aránṣọ wí jẹ́ẹ́. “Mo rò pé ẹ̀yin rí ohun tí èmi ò rí ni.”

Fóònù dún nínú báàgì. Atọ́kùn ètò ni. Ó ní àwọn tún ń fẹ́ Tíṣà lórí ètò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tíṣà pa fóònù náà, ó sì jókòó ti aránṣọ.

Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, níbi tó ti ń wọn èjìká mi. Ó ní Àǹtí Tíṣà ò wọ aṣọ yẹn mọ́.