Òrùka Inú Oko Dursun

Nazmiye ò tíì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tí inú ti ń bí i. Láti ojú ọ̀nà ló ti rí i. Oko àlìkámà Dursun, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti pọ́n, ó ti gbẹ, bí oko gbogbo agbègbè Karapınar ṣe máa ń rí lóṣù kẹfà. Ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀, ìlà kan tutù yọ̀yọ̀, ó ṣe roboto bí òrùka, ó sì yí lọ títí ó fi gba abẹ́ ògiri ilé kọjá. Ilé ọ̀hún ni Dursun àti ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ ń sùn sí.

Àjèjì á ní ó mà dára o. Ẹni tó bá dàgbà sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Konya ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí àlìkámà bá ti tutù nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbẹ, omi ló rí mu níbẹ̀. Ibi tómi bá sì ti rí àyè sá pamọ́ sí, ilẹ̀ ti là níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá wá là yíká báyìí, àárín rẹ̀ ló ń múra àtijìn. Obruk ni wọ́n ń pe ihò bẹ́ẹ̀. Ó ti gbé katakata mì rí, ó ti gbé odindi agbo àgùntàn mì, àwọn tó wò ó látòkè ò sì rí ìdí rẹ̀.

Iṣẹ́ Nazmiye nìyẹn. Ìjọba ló gbà á láti máa wọn ilẹ̀ tó ń rì, kó máa fi pupa yí i po lórí máàpù, kó sì fi ọ̀dà pupa sàmì síbẹ̀. Ibi tó bá ti pupa, wọ́n á pa ẹ̀rọ tó ń fa omi níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sùn síbẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í rẹ́rìn-ín sí i lábúlé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Dursun ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Káàbọ̀, àbúrò mi. Wá mu tíì."

"Ẹ kú ilé, Bọ̀ọ̀dá. Tíì á dúró ná. Kí ló wà nínú oko yẹn?"

"Àlìkámà."

"Mo rí àlìkámà. Òrùka yẹn ńkọ́?"

Dursun wo oko ara rẹ̀ bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá síbẹ̀ ni. "Áà, ìyẹn? Kòtò tí bàbá wa ń kó koríko àgùntàn pamọ́ sí ni. Àbí o ti gbàgbé?"

Nazmiye pòṣé. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni kòtò bàbá wa wà. Mo já sí i ní kékeré, ẹ̀yin náà lẹ fi okùn fà mí jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má purọ́ mọ́ òkú."

Ó wọ inú oko lọ, ó fi ṣọ́bìrì tú ìdí òrùka náà. Kò tíì wà á jìnnà tó fi kan pòròpórò àgbàdo tó ti rà. Abẹ́ pòròpórò, koríko gbígbẹ. Abẹ́ koríko, òfìfo àpò ajílẹ̀. Háà! Wọ́n ti di ilẹ̀ lẹ́nu! Wọ́n rọ pàǹtí sí i, wọ́n da yẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n fi katakata tú u, wọ́n gbin àlìkámà lé e, wọ́n wá jókòó ti àṣírí. Ta ni wọ́n ń tàn? Ìjọba ṣeé tàn. Ilẹ̀ ọ̀gẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, òun ni wọ́n fẹ́ fi pòròpórò parọ́ fún? Àwọn àgbà ní ẹni bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ, àwọn wọ̀nyí rò pé òwe lásán ni.

Nígbà tó máa gbójú sókè, Bekir, baálẹ̀ abúlé, ti wọ́ ọ̀pá rẹ̀ dé. Ọkọ̀ ìjọba ló rí tó fi sáré wá.

"Nazmiye ọmọ mi, rọra o. Tó o bá kun ibí, wọ́n á pa ẹ̀rọ omi Dursun. Tí wọ́n bá pa tiẹ̀ tán, tèmi ló kàn. Àgbàdo gbogbo wa á kú. Kí la máa wá jẹ, ọ̀dà?"

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ gbin àgbàdo sílẹ̀ gbígbẹ? Omi abẹ́ ilẹ̀ ló gbé ilẹ̀ dúró. Ẹ̀ ń fà á tọ̀sán-tòru. Ẹ ti mu omi tán lábẹ́ ara yín, ẹ wá ń bi mí pé kí lẹ máa jẹ!"

"Ẹ gbọ́ ẹnu ọmọ àná!" Bekir kọjú sí Dursun. "Ṣebí ìwọ lo ní dandan, ó gbọ́dọ̀ lọ sílé ìwé?"

"Ẹ̀bi mi ni," ni Dursun wí. "Àgùntàn ni ǹ bá kó fún un kó máa dà."

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Nazmiye lọ gbé agolo ọ̀dà nínú ọkọ̀, ó kọrí sílé. Dursun sáré ṣíwájú rẹ̀, ó na apá méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà.

"Ilé mi kọ́. O ò ní kun ilé mi."

"Ẹ kùn ún, Àǹtí."

Gülsüm, ìyàwó Dursun, ló sọ̀rọ̀. Ó yọ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀ láti inú ilé, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kùn ún dáadáa. Látìgbà tí yìnyín ti yọ́ ni ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ ò ti ṣeé tì mọ́. Mo ní ilẹ̀ ń rì, ó ní ojú ló ń ṣe mí. Mo gbé ife tíì kalẹ̀, ife yí gbirigbiri lọ bá ògiri, ó ní ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Mo ti dákẹ́ tó."

"Gülsüm, wọlé!"

"Kí n wọlé? Ilé tó ń wọlẹ̀?"

Ó ti di ẹrù sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó fa mátírẹ́ẹ̀sì jáde mọ́ ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó pe Zeliha ọmọ rẹ̀ àgbà kó kó àwọn àbúrò rẹ̀ tẹ̀ lé òun. Ó dé iwájú Bekir, ó dúró.

"Bàbá, ilé yín là ń lọ. Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún ọkọ mi pé kò séwu."

Bekir wọ́ ọ̀pá rẹ̀ tẹ̀ lé wọn bí adìyẹ tí òjò pa.

Ojú ti Dursun, ìtìjú sì di ìbínú lójú ẹsẹ̀. Ó wọlé, ó jan ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ò pa dé. Ó jókòó gbàgà sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Mi ò jáde!" ó ń pariwo. "Ọmọkùnrin mẹ́ta ló kú kí Ìyá tó bí mi. Wọ́n sọ mí ní Dursun, ìyẹn ni pé kí n dúró. Mo ti dúró! Kí ẹni tó lè lé mi wá lé mi!"

Nazmiye wọlé tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ní Karapınar, kódà ọlọ́pàá ń bọ́ bàtà kó tó gun kápẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ yàrá ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, nǹkan kan ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́rọ́wọ́rọ́, bí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń jù sínú kànga.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dìde."

Dursun kọjú sí ògiri.

"Ẹ̀ ń gbọ́ ohun tí mò ń gbọ́. Ẹ dìde."

"Lọ kun ibòmíràn."

Ohun kan já nínú Nazmiye. Láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ, kò fi "o" pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí.

"Dursun, dìde ńbẹ̀! Òpònú! Ayé ni Ìyá ní kí o dúró sí! Ṣé inú sàréè ni wọ́n ní kí o dúró? Wọ́n sunkún ọmọ mẹ́ta kí o tó dé, o wá fẹ́ fi ara rẹ ṣe ẹ̀kẹrin nítorí àgbàdo?"

Dursun fò dìde, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lókè. "Èmi lò ń bú? Èmi tí mo tọ́ ẹ?"

"Gbá mi. Ṣùgbọ́n ìta lo ti máa gbá mi. Tó ò bá jáde, èmi náà ò jáde." Ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀ yẹn.

Wọ́rọ́wọ́rọ́ ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún tún bẹ̀rẹ̀. Dursun wo ilẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀. Ó pariwo bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ, ó fa Nazmiye lọ́rùn ọwọ́, ó wọ́ ọ gba ẹnu ọ̀nà, ó wọ́ ọ kọjá àgbàlá, ó wọ́ ọ la àárín àlìkámà kọjá títí wọ́n fi kúrò nínú òrùka. Ibẹ̀ ló ti fọ́ ọ létí.

Ó dùn ún o. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀. Kò sunkún, kò sì bú u. Ó padà lọ gbé agolo ọ̀dà níbi tó já bọ́ sí lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí Dursun ń wọ́ ọ, ó kun ilẹ̀kùn ilé náà pupa látòkè délẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ta á, inú ṣì ń bí i. Dursun ń wò ó láti òkèèrè, ó ń ṣépè, àmọ́ ìta ló wà.