Bàtà Ọ̀fẹ́ Ọdún Ìbò

Ọkọ mi kì í béèrè ẹni tí èèyàn fẹ́ dìbò fún. Ó ní ẹnu ń purọ́, àmọ́ bàtà kì í purọ́. Iṣẹ́ ṣúmékà ló ń ṣe. Bí wọ́n bá gbé bàtà kan náà wá fún àtúnṣe lẹ́ẹ̀kẹta, á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà kan sára ògiri. "Ẹni tó bá rọ̀ lọ́rùn á ti ra òmíràn," ló máa ń wí. Bí ìlà bá pọ̀ lọ́dún ìbò, alága ìjọba ìbílẹ̀ tó wà lórí àga á lọ sílé. Ìbò mẹ́rin ló ti sọ tẹ́lẹ̀ báyìí, kò ṣi ọ̀kan.

Lọ́dún yìí, ìlà ti dé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nígbà tí ìbò ku oṣù mẹ́ta. Ìyá alágbàfọ̀ tó wà lódìkejì wa nìkan gbé bàtà kan wá lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìgbà náà ni akọ̀wé alága yà wá. Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é, torí kò sí ohun tí kì í rẹ́rìn-ín sí, títí kan òkú. Ó wo ògiri, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọkọ̀ ńlá méjì já bàtà tuntun, ẹ̀bùn alága, sí àdúgbò. Gbogbo ojúlé ló gbà, èmi náà gba dúdú kan tó ń dán. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé bàtà wá mọ́. Ọkọ mi jókòó, ó ń lé eṣinṣin.

Ẹlẹ́rìn-ín padà wá. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Kí ni ògiri ń wí báyìí?"

"Ìlà kankan ò wọlé láti oṣù kan."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò. Tí alága bá padà wọlé, ṣọ́ọ̀bù ìjọba yìí àti yàrá ẹ̀yìn ẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń sùn sí ti di tiyín."

"Tí kò bá wá rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin kì í ṣàṣìṣe kẹ̀."

Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ mi fi rò ó. "Màmá wọn, ṣé nǹkan ti wá rọjú ni? Bàtà tìẹ ńkọ́, ṣó ṣì dáa?"

Mo ní ó dáa. Irọ́ ni mo pa. Ọjọ́ kẹsàn-án ni àtẹ́lẹ̀ tọ̀tún ti là, páálí ló wà nínú rẹ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo sì fi òwú dúdú rán an ní kọ̀rọ̀. Ta ló fẹ́ gbé ẹ̀bùn alága lọ fún àtúnṣe, kí wọ́n máa pè é ní aláìmoore? Ká sòótọ́, ṣọ́ọ̀bù yẹn náà wọ̀ mí lójú. Ogún ọdún ni mo ti ń gbálẹ̀ ilé onílé.

Ọkọ mi bá sọ ọ́ lórí rédíò pé alága ń padà bọ̀. Àwọn èèyàn kí i kú oríire lójú títì, ṣùgbọ́n wọn ò wojú rẹ̀. Mo rí i.

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ ìbò. A tò sórí láìnì níwájú ilé ìwé. Mo wolẹ̀ kí n má baà kó sómi, ni mo bá rí ẹsẹ̀ wọn. Ìyá alágbàfọ̀ fi okùn tó fi ń sá aṣọ di bàtà tiẹ̀. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ lo wáyà. Gbogbo wọn pátá ló ti tún un ṣe nílé, ní kọ̀rọ̀, bíi tèmi. Páálí ti rin, bàtà ń là lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tiwa ò tiẹ̀ pé oṣù mẹ́ta.

Ọkọ mi náà ti ń wolẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì: ó ń kà wọ́n bí ẹni ń ka ìlà ara ògiri. Lẹ́nu ọ̀nà, Ẹlẹ́rìn-ín dúró pẹ̀lú ọkùnrin méjì tí n kò mọ̀ rí. Òun náà ń wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi kà á dé ẹsẹ̀ mi. Bàtà tọ̀tún ti yanu, òwú dúdú ń wọ́ nílẹ̀. Ó mọ òwú náà. Inú àpótí iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ti mú un.

"Ìwọ náà?" ló wí.

Mo tẹ òwú náà mọ́lẹ̀. Láìnì sún síwájú, sọ́dọ̀ Ẹlẹ́rìn-ín, a sì bá wọn sún.