Gíláàsì Lára Ẹsẹ̀ Torgrim

Èmi ni mò ń dáná nínú ọkọ̀ ìpẹja wa, èmi náà ni mo sì ń tọ́jú àpótí oògùn. Lọ́jọ́ kẹta tí a dé ojú òkun, ní àríwá ìlú Tromsø ní Norway, Torgrim tó ń fa àwọ̀n kò lè dìde mọ́. Ara rẹ̀ gbóná, orí ń fọ́ ọ, nǹkan pupa sì sú sí i lẹ́sẹ̀.

"Eéwo iyọ̀ ni," Eilif, ọ̀gá ọkọ̀ wa, wí. "Ta ni kò ní in níbí? Ẹja ti dé, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́."

Òótọ́ ni. Aṣọ òjò tí omi òkun ti gbẹ sí a máa ha wá lọ́rùn ọwọ́ títí eéwo á fi yọ. Nítorí náà, nígbà tí a gbé Torgrim sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò, ohun tí mo sọ fún dókítà tó ń gba ìpè láti orí ilẹ̀ nìyẹn.

"Mi ò bi yín lórúkọ rẹ̀," obìnrin náà dáhùn. "Ẹ di ojú, kí ẹ fi ìka gba orí nǹkan pupa náà kọjá. Ṣé ó ga?"

"Rárá, Dókítà. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ìka mi ò tilẹ̀ mọ ibi tó wà."

"Eéwo máa ń ga, ó sì máa ń ní ọyún. Ṣé omi wà nínú rẹ̀, bíi ti ìléròrò?"

"Kò sí."

"Ẹ mú gíláàsì ìmumi, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ wò ó láti òkè."

"Ṣé ẹ fẹ́ mu mí ni?" Torgrim kùn.

Mo tẹ̀ ẹ́. Pupa náà kò ṣí kúrò.

"Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú iṣan máa ń sá tí a bá tẹ̀ ẹ́," dókítà wí. "Èyí ti jò jáde; àrùn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fi falẹ̀, ó máa kú. Ẹ gún un ní pẹnisílíìnì báyìí, kí ẹ sì máa bọ̀ wá pàdé ẹ̀lìkọ́pítà."

Eilif gba gíláàsì lọ́wọ́ mi. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ eéwo ọwọ́ ara rẹ̀: ó funfun, nígbà tó gbé e kúrò, ó tún pọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ Torgrim. Pupa náà ṣì wà níbẹ̀.

"Ẹ gé àwọ̀n dànù," ó wí.

Nígbà tí ìgbà òtútù kọjá, Torgrim ti ilé ìwòsàn padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìka ẹsẹ̀ méjì ni kò bá a padà.

"Ìka ẹsẹ̀ kì í fa àwọ̀n," Eilif wí. "Jókòó, kí o mu kọfí."

"Ẹ má fi gíláàsì yẹn bù ú fún mi o."